Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ lé: ìrírí mi nídìí fọ́ọ̀mù MBA

Nígbà tí mo ń wá àyè láti kọ́ MBA, oyè gíga nínú ìmọ̀ òwò, lókèèrè, GMAT, ìdánwò ìwọlé tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ń gbà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣìnà. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń yanjú ìṣirò lálaalẹ́, tí mo ń fi máàkì ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí inú mi ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ. Iṣẹ́ kankan ò lọ. Ọwọ́ mi ni ìdánwò wà. Bí mo bá jí ní aago mẹ́rin ìdájí, mo lè kàwé rẹ̀. Àmọ́ transcript mi, ìyẹn ìwé tó kó gbogbo máàkì mi jọ, wà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé yunifásítì, lẹ́tà tí yóò gbè mí lẹ́sẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ẹ̀rí owó wà lọ́wọ́ báńkì, físà sì wà lọ́wọ́ àwọn tí n kò rí rí. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó máa yára nítorí pé èmi ń kánjú. Ìgbà tí mo fi mọ èyí, gbèdéke ilé-ẹ̀kọ́ tó wù mí jù ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo kọ̀wé sí. Mẹ́ta kọ̀ mí lójú ẹsẹ̀, ìkẹrin ní kí n ṣì máa retí, ó mú mi retí títí di oṣù Kẹfà kó tó kọ̀. Ọdún kejì ni ọ̀nà là. Àárín ọdún méjèèjì yìí ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú kàlẹ́ńdà ná. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ní Amẹ́ríkà máa ń gba fọ́ọ̀mù ní ìpele-ìpele, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ráúńdì. Gbèdéke ráúńdì kìíní sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án, ti èkejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, ti ẹ̀kẹta sí àárín oṣù Kẹta sí ìkẹrin. Kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ. Ẹni tí kò nílò físà lè bá ráúńdì kẹta lọ kó sì rí i ṣe. Ní ti àwa tí a ń ti òkèèrè bọ̀, èsì ráúńdì kẹta máa ń jáde nígbà tí wọ́n ti pín èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìrànwọ́, tí àkókò físà sì ti há. Kìíní tàbí èkejì ni kí ẹ fojú sí. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò INSEAD ò sí nínú ìṣirò yìí: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kíláàsì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́wàá péré ni ẹ̀kọ́ náà, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Fontainebleau lórílẹ̀-èdè Faransé tàbí ní Singapore.

Ohun kékeré kan tó fẹ́ ṣe mí ní jàǹbá: aago ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń ka gbèdéke, kì í ṣe aago ibi tí ẹ wà. Aago méjìlá ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn lè jẹ́ òru lọ́dọ̀ yín, ó sì lè jẹ́ ìdájí. Ẹ fi ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ní ti transcript, mo náwó tí kò yẹ kí n ná. Mo bẹ yunifásítì mi pé kí wọ́n dì í sínú àpòòwé, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo sanwó mẹ́rin, mo pààrà ọ́fíìsì wọn títí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ̀ mí. Kò sí èyí tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn! Ẹ̀dà tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ya sórí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù. Ìgbà tí wọ́n bá gbà yín wọlé tán ni wọ́n ń béèrè ojúlówó láti tú ti àkọ́kọ́ wò. Àwọn kan tún wà tó ń fẹ́ kí iléeṣẹ́ bíi WES yẹ ìwé náà wò ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn yìí gba àkókò gidi, torí yunifásítì yín gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́ sí WES tààrà. Bó bá gba ọwọ́ yín kọjá, wọn ò ní gbà á. Nítorí náà, ẹ ka ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sáré lọ bá akọ̀wé. Bí ìwé yín bá wà ní èdè mìíràn, wọ́n á fẹ́ ìtumọ̀ láti ọwọ́ ògbufọ̀ tí ìjọba mọ̀, ìyẹn náà lọ́jọ́ tirẹ̀.

Máàkì ńkọ́? Bí òkè máàkì ilé-ìwé yín bá jẹ́ 5, 7, 10 tàbí 100, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi jókòó, mo fi ìṣirò tara mi yí tèmi sí ìwọ̀n 4.0 tí Amẹ́ríkà ń lò, mo rò pé mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù yìí mọ bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń fúnni ní máàkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ ọ́ síta pé kí a má yí i. Ẹni tó bá yí i dà bí ẹni tó fẹ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Ó yá, ká wá sọ ti ìdánwò. Ìwé GMAT àtijọ́ tí ẹnì kan fún mi ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí jẹ́ómẹ́tírì àti lórí títún gbólóhùn ṣe, méjèèjì tí kò sí nínú ìdánwò mọ́. GMAT tó wà nísinsìnyí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2023. Wọ́n fà á kúrú, wọ́n yọ àròkọ rẹ̀, ó wá ku ipele mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 45: ìbéèrè 21 ní Quant (ìṣirò), 23 ní Verbal (kíkà àti òye Gẹ̀ẹ́sì), 20 ní Data Insights (òye tábìlì àti àwòrán ìṣirò). Ẹ lè lo ẹ̀rọ ìṣirò ojú kọ̀ǹpútà ní Data Insights, ẹ ò lè lò ó ní Quant. Bí ẹ bá parí ipele kan tí àkókò sì ṣẹ́kù, ẹ lè padà yí ìdáhùn mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ kò bá dáhùn ń jẹ máàkì yín, nítorí náà, bí ìṣẹ́jú méjì bá kù tí ìbéèrè mẹ́rin ṣì wà, ẹ mú ohun tó bá sún mọ́ ọn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Máàkì tuntun náà wà láàárín 205 sí 805. Èyí da èmi àti àwọn ará ilé mi láàmú, torí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni 700. Bí a bá fi ipò láàárín àwọn tó ṣe ìdánwò wò ó, 645 ti òde òní ló ṣe déédéé 700 ti àtijọ́. Mo mọ ẹni tó rí 655, tó sunkún, tó sì sanwó òmíràn lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ọjọ́ 16 gbọ́dọ̀ kọjá, kò sì lè ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín oṣù 12. Ẹ ka ìyẹn mọ́ kàlẹ́ńdà yín: ìdánwò àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹjọ fún gbèdéke oṣù Kẹsàn-án kò fi àyè ìṣubú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gba GRE, ìdánwò ìwọlé mìíràn, dípò rẹ̀ láìṣe ojúsàájú. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 58 ni GRE. Ọjọ́ 21 ni ẹ ó dúró kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹni tí ìṣirò bá ń fún ní wàhálà, kó gbìyànjú méjèèjì lórí ìdánwò ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ni wọ́n ń fúnni, kó tó yan ọ̀kan.

Mo ń bọ̀ wá sórí orúkọ. Orúkọ mẹ́ta ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi. Méjì ni mo fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, torí méjì náà ni mò ń jẹ́ níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, obìnrin tó wà lórí tábìlì wo páásípọ́ọ̀tù, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo páásípọ́ọ̀tù. Ó ní, "Ẹ má bínú." Mo bẹ̀ ẹ́, mo mú káàdì ibi iṣẹ́ jáde, mo mú ìwé ẹ̀rí yunifásítì jáde. Ó kàn ń mi orí ni. Owó ìdánwò lọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ni pé kó ṣí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sílẹ̀, kó da orúkọ ibẹ̀ kọ lẹ́tà sí lẹ́tà sórí gbogbo nǹkan: ìdánwò, fọ́ọ̀mù, àkáǹtì báńkì, àti transcript bí ó bá ṣeé ṣe. Kó sì wo ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù náà yóò parí.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, TOEFL tàbí IELTS, ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ ń lò, nígbà tí GMAT àti GRE ń lo ọdún márùn-ún. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lè yọ̀ǹda yín. Ẹ fi íméèlì béèrè kí ẹ tó sanwó. Èmi sanwó kí n tó béèrè.

Ibi tí mo ti kùnà jù ni lẹ́tà àwọn tó máa jẹ́rìí sí mi. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ méjì, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí ẹ ń jábọ̀ fún lójoojúmọ́. Èmi lọ bá ọ̀gá àgbà pátápátá, torí orúkọ rẹ̀ tóbi. Ó gbà tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí n kọ ọ́ wá kí òun fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́: ilé-ẹ̀kọ́ kà á sí ẹ̀tàn bí ẹni tó ń wá àyè bá kọ lẹ́tà ara rẹ̀, wọ́n sì lè gba àyè náà padà lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un. Mo ṣàlàyé fún un. Inú rẹ̀ ò dùn, ó fi àárín iṣẹ́ méjì kọ ọ́. Nígbà tó yá, ó fi hàn mí: ìlà mẹ́jọ. "Òṣìṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán ni, ó ń ṣiṣẹ́ kára, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà." Gbogbo àpótí tí wọ́n ní kó fi àmì sí, òkè pátápátá ló fi sí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun kan níbẹ̀ tí kò ṣeé sọ nípa ẹlòmíràn.

Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni náà kò fara sin. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jọ ń lo ìbéèrè kan náà: báwo ni o ṣe mọ ẹni yìí? Báwo ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fi àpẹẹrẹ hàn. Ìmọ̀ràn wo ló ṣe pàtàkì jù tí o fún un, kí ló sì ṣe lẹ́yìn náà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń ká àwọn ọ̀gá lára. Ọ̀gá tó bá fẹ́ràn yín kò ní fẹ́ sọ àléébù yín níta, yóò bá kọ pé ẹ "máa ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ". Ẹni tó ń kà á ti ka irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ náà.

Lọ́dún kejì, ọ̀gá mi gan-an, obìnrin tí mò ń jábọ̀ fún, ni mo lọ bá. Mo fún un ní oṣù méjì. Mo tẹ ojú ewé kan fún un, kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ mẹ́rin tí a jọ ṣe, oṣù tí a ṣe é, ohun tó yí padà, àti ọjọ́ tí mo fi ìwé ìṣirò tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí oníbàárà, tí òun pè mí wọlé tó ní, "Má tún fi nǹkan ránṣẹ́ tí ẹlòmíràn ò tíì kà." Mo kọ ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà náà sí abẹ́ rẹ̀. N kò sọ fún un ohun tó máa kọ; mo kàn rán an létí ni. Ẹ tún fi íméèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, torí ilé-ẹ̀kọ́ lè fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni lóòótọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ orúkọ rẹ̀ wọlé, ilé-ẹ̀kọ́ á fi lẹ́ńkì tí yóò fi kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí i; ẹ pè é lọ́jọ́ kan náà kó wo inú àpótí íméèlì ayédèrú (spam). Ibẹ̀ ni lẹ́ńkì tèmi sùn sí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn iṣẹ́ (CV) kò pọ̀. Ojú ewé kan, kò sí fọ́tò, kò sí ọjọ́ orí, kò sí pé ẹ ti gbéyàwó tàbí ẹ ti lọ́kọ, ó kéré tán fún Amẹ́ríkà. Ohun tó yàtọ̀ fún àwa àjèjì ni pé ẹni tó ń kà á kò gbọ́ orúkọ iléeṣẹ́ wa rí. Ẹ fi ìlà kan ṣàlàyé rẹ̀: ohun tó ń ṣe, iye òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sì yí owó sí dọ́là, nítorí iye tó kún ẹnu lówó yín lè má sọ nǹkan kan fún un.

Àròkọ ni mo rò pé màá fi borí. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò Stanford ti ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn tó ń wá àyè fún ọ̀pọ̀ ọdún: kí ló ṣe pàtàkì sí ọ jù, kí sì nìdí? Mo rí irú ìbéèrè báyìí, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Gbólóhùn àkọ́kọ́ mi nìyí: "Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ sí òwò àti sí ìdàgbàsókè àwùjọ." Ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó bi mí pé ta ló kọ ọ́. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ lọ́dún kejì nìyí: "Ọkọ̀ mọ́kànlá dúró síta ilé ìkẹ́rù wa fún ọjọ́ méjì, nítorí ìwé kan ṣoṣo ni a fi ń gba gbogbo wọn wọlé, ẹni tó mú ìwé náà dání sì ti lọ sílé." Láti ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo ṣe. Kì í ṣe ohun tí "a" ṣe o. Ẹni tí wọ́n tọ́ pé kó má máa yin ara rẹ̀ máa ń fi "a" bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà. Mo tún ka tèmi, mo fi pẹ́ńsùlù pupa yí gbogbo "a" po, mo bi ara mi léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ni. Ìdajì nínú wọn, èmi ni.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà wá orúkọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yòókù nínú àròkọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ kan bí ìlú ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ṣe wù mí tó.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, lórí kọ̀ǹpútà fún ẹni tó wà lókèèrè. Ti ilé-ẹ̀kọ́ òwò Wharton yàtọ̀: wọ́n á kó ènìyàn bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀, wọ́n á ní kí ẹ jọ yanjú ọ̀rọ̀ kan ní ìṣẹ́jú 35. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn níbẹ̀ ti ba tirẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n aago ló fẹ́ pa mí. Amẹ́ríkà ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Yúróòpù ti dá tirẹ̀ padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò sì dá tiwọn padà rárá. Àárín àkókò yìí ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ráúńdì kìíní máa ń pọ̀. Wákàtí kan ṣáájú ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí mò ń wo ojú ara mi. Ká ní ó yí sí òdìkejì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ owó. Owó fọ́ọ̀mù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá Amẹ́ríkà sún mọ́ $250 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè dárí rẹ̀ jì yín bí ẹ bá béèrè ṣáájú kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹ̀yáwó ìjọba Amẹ́ríkà kì í ṣe ti wa. Iléeṣẹ́ bíi Prodigy Finance àti MPOWER ń yá akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lówó láìní onídùúró, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń bá ṣe, ẹ wò ó kí ẹ tó gbára lé e. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ àròkọ fún owó ìrànwọ́ tó jẹ́ ti ọmọ Amẹ́ríkà nìkan. Ìlà kejì ojú ewé wọn ló wà, mo bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìlà kẹta.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlú Ọba gbà mí kí ti Amẹ́ríkà tó dáhùn. Fún físà wọn, owó ọdún náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 tẹ̀lé ara wọn, kò gbọ́dọ̀ dín nígbà kankan, ọjọ́ tí ìwé báńkì parí sí kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí ẹ tó kọ̀wé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, báńkì yọ owó iṣẹ́ wọn. Iye tí kò tó ra oúnjẹ ọ̀sán ni, ó sì fà mí sísàlẹ̀ ìlà. Mo padà sí ọjọ́ kìíní. Ẹ fi owó díẹ̀ lé e. Ẹni tó ní ìdílé náà, kó mọ̀ pé láti oṣù Kìíní 2024, ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ MBA kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Amẹ́ríkà ń gbà wọ́n, àmọ́ ọkọ tàbí aya tó bá bá yín lọ kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́.

Ti Amẹ́ríkà ni mo padà gbà. Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹ ó fi ẹ̀rí owó ọdún àkọ́kọ́ hàn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á fún yín ní I-20, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ó fi béèrè físà, ẹ ó san $350 ti SEVIS, ètò tí ìjọba fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù físà DS-160, ẹ ó san $185 fún físà, ẹ ó wá gba ọjọ́ ní ẹ́ńbásì. Ọjọ́ yìí ló ń ṣòro rí, nítorí náà ẹ má ṣe sinmi lọ́jọ́ tí I-20 bá dé. Òfin wọn, ẹsẹ 214(b), ní kí ọ̀gá físà gbà pé ńṣe lẹ fẹ́ lọ tẹ̀dó síbẹ̀ títí ẹ ó fi fi òdìkejì hàn án, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa fún yín. Mo gbé fáìlì tó wúwo bí òkúta lọ. Páásípọ́ọ̀tù àti I-20 nìkan ló béèrè. Kí ló dé tó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí? Ta ló ń sanwó? Kí lo fẹ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ìdáhùn kẹta gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ kọ sínú àròkọ mu. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n ń fúnni ní oṣù 12 láti ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè fi 24 kún un bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti fi orúkọ MBA náà sí ìsọ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó yan ilé-ẹ̀kọ́.

Ìwé I-20 tèmi kọ́kọ́ dé pẹ̀lú orúkọ ìdílé mi níbi tó yẹ kí orúkọ àkọ́kọ́ wà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi tún un ṣe. Ọjọ́ ẹ́ńbásì mi kọjá láàárín rẹ̀, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Wọn ò dá owó tíkẹ́ẹ̀tì náà padà.